Émile Baudot, Ọmọ Àgbẹ̀ Tí Ó Fi Àmì Márùn-ún Kọ Gbogbo Ọ̀rọ̀

Ní ìgbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé, bí ọmọ Yorùbá kan tí ń gbé Tudun Wada ní ìgboro Ṣókótó bá ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú tí ó fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ ní Ọ̀fà tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò jẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà. Kí lẹ́tà tó dé, ìsìnkú a ti parí, ìkómọ a ti kọjá. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò gbà lọ láti tẹ wáyà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní owó tirẹ̀, nítorí náà yóò gé ọ̀rọ̀ náà kúrú títí yóò fi ku egungun, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún láti fi ẹran bò ó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ọ́fíìsì ìjọba ní tiwọn lọ́tọ̀, èyí ni ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì, tí ó máa ń pariwo ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí bébà yóò sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kọ níbẹ̀.

Tẹ́lẹ́ẹ̀sì ti di ohun àná. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fi rédíò ṣe ìgbafẹ́. Rédíò tiwọn kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gba èsì ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé kiri. Wọ́n a máa tú èyí tí ó ti gbó, tí a ti ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n a sì tún inú rẹ̀ tò, kí ó lè máa gbé ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà kan lọ sí inú òmíràn, láìsí wáyà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ ní Ṣókótó tàbí ní Párísì, yóò rí nọ́ńbà kan lára àpótí kékeré tí ó dúró sí àárín rédíò àti kọ̀ǹpútà: 1200 tàbí 9600, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí í ṣe baud. Orúkọ ènìyàn ni a gé kúrú bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Faransé ni ẹni náà, ìwé tí ó kà kò kọjá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kú láti ọdún 1903.

Jean-Maurice-Émile Baudot ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Abúlé kan tí ń jẹ́ Magneux, ní ẹkùn Haute-Marne ní ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1845. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní abúlé náà ni ọmọ yìí lọ, ìgbà tí ó sì parí rẹ̀, oko ni ó yà sí, ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí ohun kan nínú ìgbà èwe rẹ̀ tí ìbá mú kí ẹnikẹ́ni sọ tẹ́lẹ̀ pé orúkọ ọmọ yìí yóò di òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò.

Ọdún 1869, nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ni ó fi oko sílẹ̀, tí ó sì wọ iṣẹ́ tẹligíráàfù ti ìjọba gẹ́gẹ́ bí ọmọ-iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀nà àmì Morse, lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́rin lórí ẹ̀rọ tí David Hughes ṣe, èyí tí ó ń tẹ lẹ́tà jáde fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́rin yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ gíga tí ó rí gbà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin ilẹ̀ Faransé àti Prussia ní ọdún 1870, Baudot sì lọ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1872 ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Párísì.

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó bá nílẹ̀. Ọ̀nà Morse ń fi ìró kúkúrú àti ìró gígùn kọ̀wé. Lẹ́tà tí a ń lò jù, bí E, kò ju ìró kúkúrú kan lọ. Q gùn ó sì ní ìró mẹ́rin. Etí ènìyàn a máa tẹ̀ lé èyí dáadáa, ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí ó bá mọṣẹ́ a sì máa yá, ṣùgbọ́n ìnira ni fún ẹ̀rọ, nítorí kò mọ ibi tí lẹ́tà kan yóò parí sí títí yóò fi parí. Ẹ̀rọ Hughes kò lo ìró kúkúrú àti gígùn. Bọ́tìnnì rẹ̀ tò bí ti dùùrù, ẹni tí ó bá tẹ A, A ni yóò jáde lọ́hùn-ún. Síbẹ̀ ó ní àbùkù tirẹ̀: láàrin lẹ́tà kan àti èkejì, wáyà a wà lásán.

Ibi tí ojú Baudot wọlé sí nìyí. Ó rí i pé wáyà tí ìjọba ná owó ribiribi lé lórí, tí a rì òpó rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, kò ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọjọ́. Bí títì ọ̀dà ni, tí ọkọ̀ kan yóò kọjá, tí a óò tún dúró pẹ́ kí òmíràn tó dé, nígbà tí àwọn èrò kún ibùdókọ̀ fọ́fọ́. Ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń rò ni pé kí a fa wáyà kejì àti ẹ̀kẹta. Baudot rò pé kí a kọ́ àwọn ọkọ̀ láti máa tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó máa bá ìrònú náà lọ, ṣùgbọ́n àkókò ara rẹ̀ ni kí ó lò, kì í ṣe ti ìjọba. Òṣìṣẹ́ ìjọba ibi gbogbo ni yóò mọ irú ìyànjú bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ojúmọ́ bá parí ni ó ń ṣe é. Ohun mẹ́ta tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ni ó kó jọ. Èkíní ni ẹ̀rọ Hughes tí ń tẹ lẹ́tà. Èkejì ni àwo tí Bernard Meyer ṣe ní ọdún 1871, tí a pín sí ìpín-ìpín, tí ọwọ́ irin kan sì ń yí lórí rẹ̀ bí ọwọ́ aago, tí ó ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wáyà fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àmì ẹlẹ́yọ márùn-ún tí Gauss àti Weber, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní ilẹ̀ Jámánì, ti lò ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ti Baudot nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó ṣe so wọ́n pọ̀ tí wọ́n fi di ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni tirẹ̀.

Àmì márùn-ún náà kò lè ṣòro fún ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí. Ẹyọ mẹ́rin ni ó wà ní apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú délẹ̀. Kò sí ọ̀nà kẹta. Nípa bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni ẹyọ mẹ́rin lè gbà jókòó, àwọn sì ni ojú odù mẹ́rìndínlógún. Bí a bá fi ẹyọ kan kún un kí ó di márùn-ún, mẹ́rìndínlógún yóò di méjìlélọ́gbọ̀n. Ohun tí Baudot nílò nìyẹn. Mànàmáná wà lórí wáyà tàbí kò sí níbẹ̀: ẹyọ kan nìyẹn. Ẹyọ márùn-ún ní ìtẹ̀léra jẹ́ lẹ́tà kan. Lẹ́tà Faransé jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nítorí náà àyè ṣẹ́ kù. Bí ó bá kan nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró, a óò kọ́kọ́ fi àmì kan ránṣẹ́ tí yóò ní kí ẹ̀rọ yí padà; láti ibẹ̀ lọ, àmì tí í ṣe lẹ́tà tẹ́lẹ̀ yóò máa di nọ́ńbà, títí a óò tún fi ní kí ó padà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé gbogbo lẹ́tà gùn dọ́gba. Q kò gba àyè ju E lọ. Nígbà tí ó ti rí bẹ́ẹ̀, a lè pín àkókò bí a ṣe ń pín ẹran, kí a fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n kan náà. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin yóò jókòó ní Párísì, olúkúlùkù pẹ̀lú bọ́tìnnì márùn-ún níwájú rẹ̀, ìka méjì ọwọ́ òsì àti ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ irin ń yí lórí àwo. Bí ó bá ti kan ìpín òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, àmì rẹ̀ yóò wọ wáyà. Yóò kan ti èkejì, ti ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹrin, yóò sì tún padà sọ́dọ̀ àkọ́kọ́. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ irin mìíràn ń yí ní ìwọ̀n kan náà gan-an. Òòfà márùn-ún tí mànàmáná ń jí ni yóò di àmì náà mú fún ìgbà díẹ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi mọ lẹ́tà tí ó jẹ́, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún àwọn tí wọ́n jókòó tì í. Bí ẹnì kan bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, bọ́tìnnì náà yóò há, kò sì ní tú sílẹ̀ títí ọwọ́ irin yóò fi tún kàn án. Nígbà náà ni yóò gbọ́ ìró kékeré kan tí ń sọ pé ìgbà tirẹ̀ tún ti dé. Ẹni tí ó bá yá jù kò rí nǹkan tẹ̀, ẹni tí ó bá sì lọ́ra ti pàdánù ìgbà tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ onídùńdún ni, tí gúdúgúdú mọ ibi tí yóò wọlé, tí kẹríkẹrì sì mọ tirẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń bá rìn ni ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì ń gba orí wáyà kan ṣoṣo kọjá.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1874 ni Baudot gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 1875 ilé-iṣẹ́ tẹligíráàfù tẹ́wọ́ gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1877 wọ́n dán an wò láàrin Párísì àti Bordeaux, kí ọdún náà tó parí, ó ti ń ṣiṣẹ́ láàrin Párísì àti Róòmù, ọ̀nà tí ó tó 1,700 kìlómítà. Ní ọdún 1878 wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Párísì, wọ́n sì fi mẹ́dà wúrà dá ọmọ àgbẹ̀ Magneux lọ́lá níwájú gbogbo ayé.

Ní ọdún 1880 ó ta mẹ́dà náà. Ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe fún un kéré, owó ara rẹ̀ ni ó ń ná sórí ìwádìí, ìgbà tí owó náà sì tán, wúrà tí wọ́n fi yìn ín ni ó sọ di owó irin àti wáyà. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ di onímọ̀-ẹ̀rọ alábòójútó ní ọdún 1882. Ipò ń pọ̀, àpò ń gbẹ.

Ìyà tí ó burú ju ti owó lọ wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Louis Victor Mimault. Òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù ni òun náà. Ní ọdún 1874 gan-an ni ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí ń lo wáyà márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a máa fi bí mànàmáná bá ṣe wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ lẹ́tà. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ ọ́. Ó tún un ṣe, ó mú nínú ọgbọ́n Meyer fi kún un, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ìgbà tí ó wá rí i pé ti Baudot ni wọ́n gbà, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ.

Ilé-ẹjọ́ ẹkùn Seine pe ògbógi mẹ́ta tí kò sí lára òṣìṣẹ́ tẹligíráàfù, ó gbọ́ ẹ̀rí wọn, ó sì dá Mimault láre: òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan àmì náà, àtúnṣe lásán ni ti Baudot. Ìdájọ́ yìí kò tẹ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì lọ́rùn, nígbẹ̀yìn ni wọ́n yí i padà, tí wọ́n sì ní kí Mimault san gbogbo owó ẹjọ́. Kò rọrùn láti sọ pé Mimault kò ní ẹjọ́ rárá. Ẹni tí ó bá ronú pé ẹyọ márùn-ún tó láti kọ gbogbo lẹ́tà ti rìn jìnnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gauss àti Weber ti gba ibẹ̀ kọjá ṣáájú òun àti Baudot. Ṣùgbọ́n wáyà márùn-ún fún ọ̀rọ̀ ẹnì kan, àti wáyà kan fún ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́rin, kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀kan ń fi kún owó ìjọba, èkejì ń gba ìjọba lówó ìnáwó.

Láti ìgbà náà ni ọkàn Mimault kò ti balẹ̀ mọ́. Ó yìnbọn lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga École Polytechnique, ó sì ṣe wọ́n léṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fa ẹjọ́ náà tì. Ó wá ń béèrè pé kí ìjọba ṣe òfin àkànṣe tí yóò mú ìwé-ẹ̀tọ́ òun pẹ́ sí i, kí wọ́n fún òun ní 100,000 owó Faransé, kí wọ́n sì fi òun sí ẹgbẹ́ ọlọ́lá Légion d'honneur. Ìgbìmọ̀ tí Jules Raynaud, olórí ìwádìí tẹligíráàfù, jẹ́ alága rẹ̀ wo ẹ̀bẹ̀ náà, wọ́n sì dá a padà. Mimault gbọ́, ó mú ìbọn, ó sì pa Raynaud. Ọdún 1888 ni èyí ṣẹlẹ̀. Wọ́n dá a sí iṣẹ́ àṣekára ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún ní ìgbèkùn yóò sì tẹ̀ lé e. Báyìí ni ènìyàn kan ṣe kú, tí òmíràn sì ṣòfò, lórí ohun tí kò ju ẹyọ márùn-ún lọ.

Baudot kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le. Kò pẹ́ tí ó wọ iṣẹ́ tẹligíráàfù ni àìlera bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ìgbà kan wà tí kò lè dé ẹnu iṣẹ́ fún odidi oṣù kan, àìlera náà kò sì fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò tètè gbéyàwó. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1890, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó fẹ́ Marie Joséphine Adélaïde Langrognet. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, obìnrin náà kú. Wọn kò tíì lo oṣù mẹ́ta pé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1890, Baudot so Párísì, Vannes àti Lorient pọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ náà ń gbilẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1887, ọdún kan lẹ́yìn tí okùn abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ó ti dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò lórí okùn tẹligíráàfù ti òkun Àtìláńtíìkì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1894 ó so ọjà ìdókòwò Párísì mọ́ ti Mìlánò pẹ̀lú ohun tuntun kan, ẹ̀rọ kan tí ó dúró lójú ọ̀nà, tí ó ń gba àmì tí ó ti rẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ di ọ̀tun, tí ó sì ń rán an lọ síwájú. Ní ọdún 1897 ó fi bébà tí a ń lu ihò sí kún un, tí òṣìṣẹ́ yóò fi lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn kí ẹ̀rọ tó rán an, kí ó má baà máa sáré tẹ̀ lé ìró mọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Párísì ní ọdún 1897, ilẹ̀ Jámánì sì gbà á sí ọ̀nà Berlin sí Párísì ní ọdún 1900. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1903 ni Baudot kú ní Sceaux, ìlú kékeré kan ní ẹ̀bá Párísì, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Kí ó tó kú ni Donald Murray, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ti tún àmì rẹ̀ tò kí ó lè bá bọ́tìnnì tí ó rí bí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ, kí òṣìṣẹ́ má sì ní láti kọ́ ẹyọ márùn-ún lórí mọ́. Àtúntò yìí ni ó di ti tẹ́lẹ́ẹ̀sì gbogbo àgbáyé. Ní àwọn ọdún 1920, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn tẹligíráàfù wá orúkọ fún ìyára wáyà, wọ́n sì mú baud láti ara orúkọ olóògbé náà. Baud kan ni ìyípadà àmì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ́lẹ́ẹ̀sì ń rìn ní baud 50.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn oní-rédíò ìgbafẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ẹ̀rọ tẹ́lẹ́ẹ̀sì tí ilé-iṣẹ́ ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n so ó mọ́ rédíò àtijọ́, ẹyọ márùn-ún ti Baudot sì fi wáyà sílẹ̀, ó gba inú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1978, àwọn ẹgbẹ́ wọn kan ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, gbé e dé ìpele mìíràn: wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ sí ìdì kéékèèké, ìdì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹni tí ó rán an, orúkọ ẹni tí yóò gbà á, àti nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Èyí tí ó bá bàjẹ́, a óò tún un rán. Ní ọdún 1984 ni ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà, ARRL, fọwọ́ sí òfin rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní AX.25. Ọ̀pọ̀ ibùdó ni ó ń pín ìgbì kan lò, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin ti Baudot ṣe pín wáyà kan. Kìkì pé aago ni ó ń pín ìgbà fún àwọn ti Baudot. Àwọn wọ̀nyí ń kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ ni, bí ẹlòmíràn bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọn yóò dúró.

Títún rédíò àtijọ́ ṣe fún iṣẹ́ yìí ní ìdí. Ohùn ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe rédíò bẹ́ẹ̀ fún. Inú rẹ̀ ní ibi tí ń gé ohùn tí ó bá lọ sílẹ̀ jù tàbí tí ó ga jù kúrò. Èyí tí ó bá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 300 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá ni ó ń gbà láàyè. Ní baud 1200, ohùn méjì ni àpótí náà ń lò, 1,200 àti 2,200, méjèèjì sì gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Nítorí náà kò ju kí a so wáyà mọ́ ibi tí a ń sọ̀rọ̀ sí, ibi tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àti bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní baud 9600, ẹnu ọ̀nà náà há jù. Onítọ̀hún yóò ní láti tú rédíò, kí ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kọ́kọ́ bọ́ kúrò lára ìgbì kí agékúrò tó fọwọ́ kàn án, kí ó so wáyà mọ́ ibẹ̀. Ní ti fífi ránṣẹ́, yóò gbé àmì náà lọ tààrà sí ibi tí ń yí ìgbì sókè sódò. Kì í ṣe gbogbo rédíò ni ó gbà fún èyí, òmíràn wà tí kò ní irú ibẹ̀ rárá.

Súìṣì onírin tí ń pa gbígbọ́ dà sí sísọ nínú rédíò àtijọ́ tún lọ́ra lójú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ kí súìṣì tó jókòó, orí ọ̀rọ̀ yóò gé. Wọ́n ń fi ìdúró díẹ̀ sáàárín, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ Baudot ṣe ń dúró de ìró rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní Ṣókótó yóò kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC, òun ni yóò fún un ní orúkọ rédíò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Rédíò kékeré onígbì kúkúrú jù kò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá àyíká ìlú àti abúlé tí ó yí i ká, àfi bí ibùdó mìíràn bá wà lójú ọ̀nà tí ń gbà á tí ń tún un rán, irú èyí tí Baudot fi sójú ọ̀nà Mìlánò. Bí ó bá fẹ́ kí ó dé Ìlọrin láìsí èyí, ìgbì tí ń ta sójú ọ̀run tí ó sì ń padà wálẹ̀ ni yóò lò, yóò sì rẹ ìyára sílẹ̀ sí baud 300, nítorí pé ìgbì náà kì í dúró lójú kan.

Ẹyọ márùn-ún ti Baudot kò sí nínú ìdì wọ̀nyí mọ́. Mẹ́jọ ni wọ́n ń lò báyìí fún lẹ́tà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹyọ inú odidi ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀nà tí ó sì lè gbà jókòó jẹ́ 256.